Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Tún Ṣe Fún Afẹ́fẹ́ Jos

Kékeré ni mo ṣì wà, ní Jos, nígbà tí bàbá mi ra ọkọ̀ kan tí ó ní ìjókòó méjì péré, tí kò sì ní òrùlé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí léèrè: ọmọ mẹ́rin ni wá nínú ilé, èmi obìnrin yìí ni àkọ́bí, ìyá wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni bàbá wa lọ rà. Ìyá mi wo ìjókòó kejì, ó ní, "Bàbá wọn, ẹni tó máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín yẹn, ṣé a ó máa ṣẹ́ kèké lé e lórí ni?"

Ọwọ́ Òyìnbó kan ni bàbá mi ti rà á. Ní àkókò náà, àwọn Òyìnbó tí wọ́n ń wa kúsà ní agbègbè Jos ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn padà sí ìlú wọn. Kúsà ni gbogbo wa ń pe ohun tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ tí ó ń lọ kò lè gbé ọkọ̀ wọ bàálù, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ ẹ, nítorí ó ti gbó, adìẹ sì ti ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Ọkọ̀ eré sísá ni wọ́n ṣe é nígbà tí ó wà ní tuntun. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, ó sì súnmọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ mú òkúta lójú títì. Wọ́n fi lọ́rì fà á dé ilé wa ní Angwan Rukuba. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín dáadáa kí wọ́n tó wọlé padà.

Láti ìgbà náà ni Sátidé ilé wa ti di ti ọkọ̀. Bàbá mi á wọ ṣòkòtò kan tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, á tẹ́ ògbólógbòó ìró ìyá mi kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà orọ́ tí ó yí ilé wa ká, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ tú ni yóò kọ́kọ́ tẹ́, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, títí yóò fi tú dé ibi tí ó ń wá. Bí ó bá fẹ́ tò ó padà, apá ọ̀tún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá ohunkóhun lórí ìró náà. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan dán an wò lọ́jọ́ kan, gbogbo wa sì fi ìyókù ọ̀sán wá skúrúù kan láàrin koríko, àti ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní skúrúù àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Abọ́ tí ìyá mi fi ń ṣan ẹ̀fọ́ ni ó ń da kẹrosíìnì sí láti fọ àwọn irin rẹ̀. Ìyá mi ra abọ́ mìíràn. Bàbá mi gba ìyẹn náà.

Àwọn tí ń kọjá á máa kí i lédè Hausa, bí gbogbo ará Jos ṣe ń kíra wọn: "Sannu da aiki, mai mota!" Ìyẹn ni pé, ẹ kú iṣẹ́ o, ọlọ́kọ̀. Bàbá mi á dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀, "Yauwa, sannu!" A kì í rí ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni. Àwọn mẹkáníìkì tí ó gbọ́ṣẹ́ wà ní Tina Junction nítòsí wa àti káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n kò gbé ọkọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ọkọ̀ tí èèyàn kò bá lè tú kó sì tò, kò tíì di tirẹ̀, ó kàn ń gùn ún ni. Àwọn kan sọ pé ahun ni. Èmi tí mo ń wò ó mọ̀ pé ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, bí àwọn kan sì ṣe fẹ́ràn ẹjọ́.

Ibi tí ó fẹ́ràn jù ni kábúrétọ̀. Méjì ni ọkọ̀ náà ní. Níbẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó jọ wọ inú ẹ́ńjìnì lọ jóná. Nọ́ọ̀tù kékeré kan wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí o bá yí i síhìn-ín, epo á pọ̀ sí i. Bí o bá yí i sọ́hùn-ún, epo á dín. Bàbá mi á ki orí róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu kábúrétọ̀, á ki orí kejì bọ etí rẹ̀, á di ojú, á sì máa gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni yóò tú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo, á gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, á sì pè wá wá wò wọ́n. Bí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì bá dúdú, ó ní ọkọ̀ ti jẹ àjẹyó. Bí ó bá funfun, ó ní ebi ń pa á. Bí ó bá pọ́n bí ẹ̀pà tí wọ́n yan tí ó jinná dáadáa, ó ní, "Ẹ wò ó, ó yó, kò sì kùn." Mo mọ àwọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì kí n tó mọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀, ìyá mi kò sì dárí ìyẹn jì í títí ó fi kú.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé, èéfín dúdú ni ó ń tú bí ilé ìdáná. Bàbá mi dín epo rẹ̀ kù díẹ̀, ó wá a yí ká, ó tún dín in kù díẹ̀. Ó tó ọdún bíi mélòó kan kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dára, ó dára ní tòótọ́. Àní ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí òtútù Jos ń jẹ wá dé eegun, tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ń wúkọ́ tí wọ́n ń fi ọmọ ènìyàn tì wọ́n, tiwa á fọhùn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá ṣáná sí i. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín níjọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ bàbá mi pé kí ó gbé àwọn dé Bukuru. Kò gbé ọkọ̀ náà kọjá orí òkè Jos rí. Kò sí ibi tí ó fẹ́ lọ.

Ibi tí ó yẹ kí ó lọ ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni a ti wá, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tí ń gbé Jos nígbà náà. Yàrá bàbá rẹ̀ tó ti kú wà níbẹ̀ nínú agbo ilé wa, pẹ̀lú ilẹ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀. Òfin agbo ilé wa ni pé ọmọ olóògbé tí ó ń wá sí ìpàdé ẹbí ní ìparí ọdún ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ yàrá. Bí kò bá wá títí, a ó gbé e fún ẹni tí ó wà nílé. Bàbá mi kò lọ lọ́dún kan, kò lọ lọ́dún kejì, ó sì ń rán ẹlòmíràn pé kí ó bá òun tọrọ àforíjì. Níkẹyìn, oníṣòwò kan tí ó ń ti ilé bọ̀ jíṣẹ́ baálé wa fún un níṣojú wa. Baálé ní àwọn ọmọ Òkè Ọya kò ka ilé sí mọ́, pé òun gbọ́ pé èyí tí ó wà ní Jos ń fọ irin lójoojúmọ́ bí ẹni ń fọ abọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé. Ó ní bí kò bá dé ìpàdé ọdún yìí, kí ó má ṣe dààmú mọ́, yàrá náà ti ní ẹni tí yóò sùn sí i.

N kò rí bàbá mi kí ó bínú báyẹn rí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó kàn ní, "Ẹ sọ fún baálé pé mò ń bọ̀. Irin tí mò ń fọ̀ náà ni yóò gbé mi wá."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí gbogbo wa jọ wọ lọ́rì bí èèyàn gidi. Ó ní Jos dùn, òun kò jiyàn, tomátì pọ̀ ńbẹ̀, ọ̀dùnkún pọ̀ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní yàrá ní ìlú rẹ̀, ìta ni ó ń sùn, bí ó tilẹ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìlú onílùú. Bàbá mi dáhùn pé òun gbọ́. Ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí a ó lọ, ìyá mi kó àwọn àbúrò mi, wọ́n wọ lọ́rì ṣáájú. Èmi ni mo bọ́ sí ìjókòó kejì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi jù, èébì ni mo máa ń bì nínú lọ́rì. Kí ìyá mi tó lọ, ó fà mí mọ́ra, ó sì sọ ọ́ kí bàbá mi lè gbọ́: "Bí irin yẹn bá dákẹ́ lọ́nà, kí ìwọ rán bàbá rẹ létí pé yàrá la fẹ́ lọ gbà."

A wọ súwẹ́tà, a fi gèlè di etí, a fi òróró pa ẹnu wa kí ọyẹ́ má baà là á. Bàbá mi ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó ti fi róbà gbọ́ ọ, ó ti yẹ pọ́lọ́ọ̀gì wò, kò sí ibi tí ó kù. A sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Jos pẹ̀lú ariwo ayọ̀, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá kọjá, èmi náà sì ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó gómìnà. A sùn ní Kàdúná nílé ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan. Inú mi dùn débi pé n kò rántí yàrá kankan.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a kọjá Tẹ̀gínà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá mi ní epo tí a rà ni kò dára. Bí a ṣe ń lọ ni ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, tí ooru ń pọ̀, ikọ́ náà sì ń le sí i. Ẹ́ńjìnì gbóná, ó ń yìnbọn láti ìdí, àwọn ọkọ̀ ẹrù tí a ti yà kọjá tẹ́lẹ̀ wá ń yà wá kọjá. Nígbà tí a fi díẹ̀ kọjá Mọ́kwá, ó dákẹ́ pátápátá. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni ìpàdé ẹbí.

Bàbá mi gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó tẹ́ ìró sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì. Gbogbo wọn funfun bí ẹfun. Mo ní, "Bàbá, ebi ń pa á." Ó ní òun rí i. Ó yọjú wo táǹkì, epo pọ̀ nínú rẹ̀. Ó wá gbà pé ìdọ̀tí ni ó dí ọ̀nà tí epo ń gbà. Ó tú páìpù epo, ó fẹnu fẹ́ ẹ, kò sí ìdọ̀tí. Ó ṣí kábúrétọ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó tò ó padà, ó ṣáná sí i, ọkọ̀ sì tún kú. Ó tún un tú. Bí ó ṣe ń tò ó padà, mo rí i tí ó mú nǹkan ní apá òsì kí ó tó mú ti ọ̀tún, n kò sì rí i kó ṣì í mú rí.

Ibẹ̀ la wà tí lọ́rì kan fi dúró. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni awakọ̀ rẹ̀, tí ó máa ń ná Jos sí ilé, ó sì mọ bàbá mi dáadáa. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Kai! Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ̀ ń ṣe síbí? Ẹ ti irin yìí sínú igbó, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Wọ́n ti ń retí yín nílé."

Bàbá mi wo ọkọ̀, ó wo oòrùn, ó sì wò mí. Mo rán an létí yàrá, bí ìyá mi ṣe ní kí n ṣe. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dára. Ó gbé àpótí wa fún ọmọ ọkọ̀. Ìgbà náà ni mo tó rí bí bàbá mi ṣe ń rí bí wọ́n bá ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún yín lọ.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gun lọ́rì nígbà tí ó pè mí padà. "Bọ́ súwẹ́tà yẹn kí o tó wọlé. Ooru á pa ọ́ níbẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Súwẹ́tà Jos ni ó ṣì wà lọ́rùn mi, òógùn sì ti fi í lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ibí ki. Kò wọ imú." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́, ti ìsàlẹ̀ ki. Òun náà bọ́ súwẹ́tà tirẹ̀. Ó mú un dání, ó sì dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn.

"Àwa ti bọ́ tiwa," ni ó wí, ó rọra ń sọ ọ́. "Ọkọ̀ ò tíì bọ́ tiẹ̀."

Awakọ̀ fọn fèrè. "Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ni àbí ẹ ò bọ̀?"

"Ẹ gbé àpótí wa sọ̀."

"Haba! Ìpàdé ọ̀la ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

Awakọ̀ náà mi orí, ó sọ nǹkan kan lédè Hausa tí n kò ní kọ síhìn-ín, lọ́rì sì gbéra. Inú bí mi. Mo jókòó lórí àpótí, mo sunkún, mo sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ ni ó fẹ́ràn ju yàrá bàbá rẹ̀ lọ. Kò bá mi wí. Ó ń dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, ó sì ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní fún gbogbo ọdún tí òun fi ń dín epo ọkọ̀ yìí kù, òun rò pé ìwà ọkọ̀ ni òun ń kọ́. Òun kò mọ̀ pé ìwà Jos ni. Afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ ń mí lókè, ìdí nìyẹn tí epo díẹ̀ fi tó o. Níbí, afẹ́fẹ́ tí ó ki ni ó ń wọlé, epo díẹ̀ náà ni ó ṣì ń bá a pàdé. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Kò sí ìdọ̀tí níbì kankan. Ó kàn jẹ́ pé Jos ni òun ti tún un ṣe fún.

Ó yí nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ kí epo lè pọ̀ sí i, ó yí ìkejì. Ó ṣáná. Ọkọ̀ wúkọ́, ó kú. Ó tún yí wọn díẹ̀. Ọkọ̀ wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì dúró lórí ohùn rẹ̀. Bàbá mi ki róbà bọ etí, ó gbọ́ apá kan, ó gbọ́ apá kejì, ó tún yí nọ́ọ̀tù kan bí ìwọ̀n irun. Ó wá na róbà náà sí mi. Mo fi omijé gbọ́ ọ. Ohùn méjèèjì bá ara wọn mu.

A kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà kí oòrùn tó wọ̀, a sùn ní Ìlọrin, a sì tún gbéra ní òwúrọ̀.

Awakọ̀ lọ́rì ti jíṣẹ́ wa, ó sì ti fi iyọ̀ sí i. Ó sọ fún ìpàdé pé bàbá mi ní ọkọ̀ ni òun ó tún ṣe, kí wọ́n máa fi yàrá ṣe èyí tí wọ́n bá fẹ́. Ìyá mi sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú baálé, pé baálé sì ti na kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sí ọmọ àbúrò rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo láti òpópónà. Ariwo náà kò jọ ti ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀. Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ sá jáde, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin, nígbẹ̀yìn àwọn àgbà tí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn kò yára.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Nígbà tí ó dìde, baálé kò wo ọkọ̀. Ọwọ́ bàbá mi ni ó ń wò, tí ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ṣé kò sí mẹkáníìkì ní Jos ni?"

"Wọ́n wà, bàbá."

"Ta ló wá ń ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, bàbá. Lánàá, ó kú sí ẹ̀yìn Mọ́kwá. Mo tún un ṣe wálé ni."

Baálé yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé ibo ni wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í jókòó tán. Bàbá mi gbé e lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Atẹ́gùn gba fìlà rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì kọ̀ kí wọ́n dúró mú un. Orí òfìfo ni ó fi padà dé agbo ilé, eruku bò ó lójú, ẹ̀rín sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ kékeré. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, ó jù ú sí bàbá mi. "Ọmọ Òkè Ọya," ó ní, "lọ gbálẹ̀ yàrá bàbá rẹ."

Nígbà tí a ń padà, bí a ṣe ń gun òkè Jos ni èéfín dúdú tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi dúró, ó yí nọ́ọ̀tù padà, ó gbé súwẹ́tà mi fún mi. Láti ìgbà náà, a kò pa ìpàdé jẹ mọ́. Lọ́dọọdún ni a ń dúró lọ́nà láti yí nọ́ọ̀tù, nígbà tí a bá ń sọ̀ àti nígbà tí a bá ń gòkè. Ó di ọ̀rọ̀ ilé wa. Bí a bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀kan nínú wa fi èdè Hausa dá àgbàlagbà lóhùn, tàbí tí ó gbàgbé láti kúnlẹ̀, ìyá mi á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: "Yí nọ́ọ̀tù rẹ o, a ti délé." Obìnrin tí ó bínú abọ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kò gbé inú yàrá náà rí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́dún. Jos ni ó fẹ́ràn, Jos ni a sì sin ín sí. Ọkọ̀ náà kú kí òun tó kú, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí kò sì gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo wá gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ̀rẹ̀, tí Jos kò rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n mọ́, tí ọ̀pọ̀ ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí, tí àwọn kan dé ìlú wọn tí wọn kò rí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n, èmi kó ẹrù mi wá síbí, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Inú yàrá yìí ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà lórí àpótí, mo ní ọkọ̀ ni bàbá mi yàn. N kò mọ̀ pé ibi tí èmi yóò darúgbó sí ni ó ń tún ṣe lọ́wọ́.

Ayé ti yí. Ọmọ-ọmọ mi kan gbé ọkọ̀ tuntun wá kí mi lọ́dún tó kọjá, Jos ni ó ti gbéra, kò sì dúró lọ́nà àyàfi láti jẹun. Mo ní kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tí nọ́ọ̀tù wà, pé báwo ni ó ṣe ń ṣe é bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń mọ ibi tó bá dé. Kò sẹ́ni tó ń yí nǹkankan." Bẹ́ẹ̀ náà ni òun fúnra rẹ̀ ṣe rí. Lónìí ó wà ní Jos, lọ́la ó wà ní ìlú Òyìnbó, kò sì sí ibi tí ó ti ń wúkọ́. N kò ní irọ́ pa fún yín, ó wù mí.

Ní tèmi, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nísàlẹ̀ yìí, wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Jos, ooru ṣì ń dà mí láàmú, bí wọ́n bá sì pè mí lójijì, "Na'am" àwọn Hausa ni ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú, ìwọ̀nba tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa níbí, mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo máa ń gbé àga síta, sórí ilẹ̀ díẹ̀ tí ó wà níwájú yàrá, mo máa ń wọ súwẹ́tà, mo sì máa ń jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Ní àwọn òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń mí dáadáa.